Ìdámẹ́wàá Lítà

Nígbà tí obìnrin náà dé ẹ̀gbẹ́ tánkì ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ẹja ti kó ara wọn jọ sí ojú omi. Wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ tí kò sì rí ohùn fi sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ ti ògiri tánkì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu ọ̀kan. Ẹja náà kò jà, kò sì tàkìtì. Ẹja tí ara rẹ̀ le kì í gbà kí ènìyàn fi ọwọ́ lásán bu òun. Láti ìdí ìrù dé ẹ̀yìn orí rẹ̀, nǹkan funfun kan ti hù bí òwú.

Ó rọra dá a padà sínú omi. "Ẹ̀yin náà?" ni ó wí. "Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ máa lọ ni?"

Ọkọ rẹ̀ ni ó yan àwọn ẹja ńlá tí wọ́n bí àwọn wọ̀nyí. Ó yàn wọ́n kí àìsàn tó dá a wó, ó sì ń fọ́nnu pé irú-ọmọ tí yóò ti ara wọn jáde kò ní í lẹ́gbẹ́. Kò fojú kan àwọn ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n jáde láti inú ẹyin, orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni ó wà. Nígbà tí wọ́n sì tó ìka ọwọ́, wọ́n ti sin ín. Obìnrin náà nìkan ni ó fi oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú tọ́ wọn dàgbà, ó sì ti bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ń gbé ní ìlú mìíràn. Bí àwọn ẹja wọ̀nyí bá dàgbà, yóò máa bá iṣẹ́ náà lọ. Bí wọ́n bá kú, yóò ti ilẹ̀kùn ọgbà ẹja náà pa, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì kó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ti gbá yàrá kan sílẹ̀ dè é. Ní ti ẹ̀gbọ́n, kò tilẹ̀ sí ohun tí à ń dúró dè: kí ni obìnrin kan ń ṣe láàrin ẹja, nígbà tí ẹja kò lè kí ènìyàn pé ẹ kú àárọ̀?

Ó pe dókítà ẹranko. Dókítà wà lójú ọ̀nà, ó ń lọ wo màlúù ẹnì kan ní ibi tó jìn. Ó ní oògùn náà wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, kí ó rán ẹnì kan lọ gbà á kíá, òun yóò pè padà láti sọ bí wọn yóò ti lò ó.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni ó rán. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ó ń pè é, nítorí pé nígbà tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé wọn, ọmọkùnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè kà á ní eegun. Nísinsìnyí, bíríkìlà pàtàkì ni, ikùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Òun náà kò yéé pè é ní ìyàwó wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irun ti ń funfun lórí àwọn méjèèjì.

Kò pẹ́ tí alùpùpù rẹ̀ fi dún lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa, mo dé o! Bí ẹyẹ ni mo ṣe fò wá."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Òpẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹyẹ wo ló tóbi tó báyìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀. Wọ́n dà?"

Ó yọjú wo inú tánkì. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ògiri mú.

Ìgò dúdú kan ni ó gbé wá, ó gba lítà kan gééré. Ìdérí rẹ̀ jẹ́ ife kékeré tí a fi ń wọn nǹkan, wọ́n sì tẹ "1 dl" sí i nídìí. Èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ ni wọ́n kọ sára bébà ìgò náà. Omi sì ti wọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti bó dànù ju ìlàjì lọ. Wọ́n ṣì ń yí i wò nígbà tí fóònù dún. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ kí àwọn méjèèjì lè jọ gbọ́.

"Ṣé oògùn ti dé ọ̀dọ̀ yín?" Ohùn dókítà ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

"Ó ti dé, sà."

"Ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi nínú garawa, kí ẹ wá wọ́n ọn ká gbogbo tánkì. Ìdámẹ́wàá lítà ni. Ẹ gbọ́ mi? Ìdámẹ́wàá lítà. Kò gbọdọ̀—"

Fóònù kú. Wọ́n tún un pè, kò lọ. Wọ́n tún un pè títí, obìnrin kan tí kò mọ ìdààmú ẹnikẹ́ni ń sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó.

"Kò gbọdọ̀ kí ni?" obìnrin náà béèrè.

"Kò gbọdọ̀ dín ni."

"Ta ló sọ fún yín? Kò gbọdọ̀ lé ló fẹ́ wí."

"Ṣé ẹ wà lẹ́nu rẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ká apá aṣọ sókè. Ó pọn omi sínú garawa, ó ṣí ìgò, ó kún ife, ó dà á sínú garawa. Ó tún kún un lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin náà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, kí lẹ ń ṣe?"

"Ohun tí dókítà ní ká ṣe. Ìdá mẹ́wàá. A ti da ọ̀kan, ó ku mẹ́sàn-án."

Ibẹ̀ ni ó ti yé obìnrin náà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà méjì ni ó gbà wọlé sí wọn létí.

"Dókítà ò sọ pé ká bù ú nígbà mẹ́wàá," ni ó wí. "Ìdámẹ́wàá ló wí. Ká pín lítà kan sọ́nà mẹ́wàá, ká mú ẹyọ kan níbẹ̀."

"Ìyàwó wa, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí. Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ìdá mẹ́fà yanrìn sí ìdá kan sìmẹ́ǹtì, garawa mẹ́fà ni wọ́n ń bù. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá lọ pín garawa kan sọ́nà mẹ́fà, ilé onílé ló fẹ́ wó yẹn." Ó gbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè. "Ìdá kan rèé. Mẹ́wàá rẹ̀, lítà kan. Ìgò yìí, lítà kan. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n ti wọ̀n ọ́n fún wa?"

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ìdámẹ́wàá wá, ṣé gbogbo owó iṣẹ́ yín lẹ máa gbé lọ?"

"Àwọn pásítọ̀ kan wà tí wọn ò ní kọ̀ ọ́."

Obìnrin náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ife kejì náà lé orí ògiri pẹ̀lú oògùn nínú rẹ̀, ó yí ìgò sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì na ìka sí ìlà kan ṣoṣo tó kù tó ṣeé kà lára bébà náà: *25 ml / kl*.

"Ó tán. Bí ẹ ò gba tèmi gbọ́, ẹ gba tìgò gbọ́. Mílílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún kílò kan. Kílò mélòó làwọn ẹja yìí?"

"Ogójì, nígbà tí a wọ̀n wọ́n kẹ́yìn."

Ó yọ pẹ́ńsù tí ó máa ń fi sẹ́yìn etí, ó ṣe ìṣirò náà sára ògiri tánkì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́nà ogójì. Ẹgbẹ̀rún. "Ẹgbẹ̀rún mílílítà. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa? Ẹ̀yin lẹ kàwé."

"Lítà kan."

"Lítà kan! Ẹnu dókítà rèé, ẹnu ìgò rèé. Ẹlẹ́rìí méjì."

Obìnrin náà tún un kà. Ìṣirò náà tọ́, kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ọwọ́ bọ̀. Nínú tánkì, ẹja kan yí ẹ̀gbẹ́ sókè, ó tún gbìyànjú, ó dojú bolẹ̀ padà.

"Àkókò ń lọ," ni Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

"Díẹ̀!" Ohùn ọkùnrin náà yí padà lójijì. "Díẹ̀ náà ni wọ́n ń fún ẹ̀gbọ́n mi. Lójoojúmọ́ tí mo bá débẹ̀, díẹ̀ nínú ìgò kékeré, díẹ̀ nínú abẹ́rẹ́, ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ ká máa wò ó. Díẹ̀-díẹ̀ títí ó fi tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ wá ní ká da ife kan sínú gbogbo omi yìí. Ife kan! Ṣé ká lè sọ pé a ṣe nǹkan ni?"

Obìnrin náà jókòó sórí bùlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì, ó gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé itan. Òun náà wà ní ilé ìwòsàn náà. Ní ọjọ́ kan níbẹ̀, nọ́ọ̀sì bọ́ síta, ó sọ fún un pé bàbá ti mu àádọ́ta lónìí. Àádọ́ta! Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ó ti dé ìdajì ọ̀nà ilé, ó ń ronú irú ọbẹ̀ tí yóò sè fún un, kí ó tó rántí pé mílílítà ni wọ́n fi ń wọn omi níbẹ̀. Àádọ́ta mílílítà, sẹ́ńtílítà márùn-ún péré ni. Ẹ̀kún ẹnu kan ni. Ó dúró lójú ọ̀nà níbẹ̀, àwọn ènìyàn ń yà á sílẹ̀ kọjá.

Ó sì yẹ kí ó ti mọ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì tí ó lọ, olùkọ́ ìṣirò wọn a máa kó wọn sí orí àtẹ̀gùn tó wà níwájú kíláàsì, a sì fi orúkọ ìwọ̀n kan fún àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Òkè pátápátá ni kílólítà, lẹ́yìn rẹ̀ hẹ́kítólítà, dẹ́kálítà, kí a tó dé lítà fúnra rẹ̀. Nísàlẹ̀ lítà ni dẹ́sílítà, sẹ́ńtílítà, kí a tó fi ẹsẹ̀ tẹ mílílítà lórí ilẹ̀. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kan, o ó sọ iye rẹ di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí o bá gun òkè, o ó pín in sọ́nà mẹ́wàá. "Ẹ ṣọ́ra," ni olùkọ́ máa ń wí. "Bí ìwọ̀n bá ṣe ń kéré sí i ni iye ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá gbọ́ iye tí kò béèrè ìwọ̀n, kò tíì gbọ́ nǹkan kan." Nígbà náà, eré ni ó jẹ́ fún wọn. Kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iye ńlá yóò tan òun jẹ.

Kílólítà.

Ó gbé ìgò náà súnmọ́ ojú. Lẹ́tà kéékèèké ni, ṣùgbọ́n wọ́n mọ́lẹ̀.

"Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ wá wo ibí yìí. Kílò tí wọ́n fi ń wọn ẹran àti ẹja, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?"

"K àti g. Ó wà lára àpò sìmẹ́ǹtì."

"Kí ni wọ́n kọ síbí?"

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "K… àti l. Bóyá wọ́n ṣìkọ ni."

"Wọn ò ṣìkọ. Kílólítà ni. Ẹgbẹ̀rún lítà. Kì í ṣe ẹja la máa fi wọ̀n ọ́n, omi ni."

"Kílólítà? Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Ta ló ń tà á?"

"Kò sẹ́ni tó ń fi í tajà. Mílílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún ẹgbẹ̀rún lítà omi kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n…" Ó wo tánkì náà láti igun dé igun. "Mi ò mọ iye lítà tó wà nínú èyí."

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ tún yọ pẹ́ńsù.

"Èmi mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mítà méjì níbùú, mítà méjì lóòró. Omi rẹ̀, mítà kan láti ìsàlẹ̀ dókè." Ó yàwòrán rẹ̀ sára ògiri, ó fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá, ó tún dábùú rẹ̀. "Bí àpótí mẹ́rin ni. Àpótí tó jẹ́ mítà kan níhìn-ín, mítà kan lọ́hùn-ún, mítà kan ní gíga, ẹgbẹ̀rún lítà ló ń gbà, kò lé, kò dín. Mẹ́rin rẹ̀, ẹgbàajì lítà."

"Kílólítà mẹ́rin."

"Bí ẹ bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́nà mẹ́rin."

Ó kọ ọ́. "Ọgọ́rùn-ún mílílítà."

Obìnrin náà pa ojú dé díẹ̀. Láti ilẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn olùkọ́ náà lọ sókè. Ọgọ́rùn-ún mílílítà, sẹ́ńtílítà mẹ́wàá, dẹ́sílítà kan. Dẹ́sílítà mẹ́wàá ló ń pé lítà kan. "Ìdámẹ́wàá lítà," ni ó wí. "Ife kan náà tí ẹ ti dà sínú garawa."

Wọ́n dúró níwájú ògiri náà, ìṣirò méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sì sí èyí tó wọ́.

"Tiyín bára mu," ni Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, "tèmi náà sì bára mu. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàrin wọn. Ṣé ó dá yín lójú?"

Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ ní irọ́ pípa. "Kò dá mi lójú tán," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Bí ó bá jẹ́ tiyín ló tọ́, tí a wá da tèmi, kí la máa ṣe?"

"A máa bu òmíràn kún un."

"Bí ó bá jẹ́ tèmi ló tọ́, tí a wá da tiyín?"

Ọkùnrin náà wo omi, ó wo ìgò, ó sì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbé garawa náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi igbá kékeré wọ́n omi oògùn ká igun tánkì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń bomi rin ewébẹ̀ tí kò tíì ta gbòǹgbò.

Kò sí ohun tó yí padà lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ yí padà, sí búburú ni. Àwọn ẹja gbọ̀n, wọ́n sá kiri, wọ́n tún rọ́ wá sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Kí oòrùn tó dé àtàrí, àwọn mélòó kan ti léfòó. Obìnrin náà fi àwọ̀n kó wọn, ó tẹ́ ewé bò wọ́n nínú abọ́. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ kò lè jókòó. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó sì ń yà síbi ife kejì tó ṣì wà lórí ògiri.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ife kan péré."

"Ẹ ní sùúrù."

"Wọ́n ń kú!"

"Mo ń wò wọ́n." Ó sì ń wò wọ́n. Àwọn tí wọ́n kú, ìdí ìrù wọn ti jẹ dànù tẹ́lẹ̀. Kò rí ẹyọ kan tí ara rẹ̀ mọ́ láàrin wọn. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé bóyá ọkùnrin yìí ló tọ̀nà, bóyá òun ni òun ń fi ìwé kíkà pa irú-ọmọ ọkọ òun. Ó yí ojú sí ife náà. Bí ó bá tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò mọ̀ bóyá òun yóò lè kọ̀.

Fóònù ni ó dún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni dókítà wí, ohùn rẹ̀ ti já geere. "Inú àfonífojì kan ni mo bọ́ sí, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Èló lẹ dà sí i?"

"Ife kan, sà. Dẹ́sílítà kan."

Àwọn méjèèjì gbọ́ bí dókítà ti mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn tó já: kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá da ìlọ́po méjì rẹ̀, gbogbo wọn ló máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn mélòó kan máa kú, àwọn tí àrùn ti jẹ jìnnà. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi nírọ̀lẹ́. Ẹ kú wàhálà."

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ife kejì náà. Ó fẹ́ dà á padà sínú ìgò, ṣùgbọ́n ó ń ṣì ẹnu ìgò. Obìnrin náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á padà. Nígbà tí ó wẹ̀yìn, ọkùnrin ńlá náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, ó gbé orí lé orókún.

"Ọwọ́ mi yìí ni ǹ bá fi pa wọ́n."

"Ẹ ò pa wọ́n."

"Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ fún un, ìyàwó wa. Gbogbo ohun tó wà nínú ìgò yẹn, pátápátá, kí n má ṣẹ́ ẹ kù."

Ó gbọ́ ọ dáadáa. Fún un ni ó wí; kò wí pé fún wọn. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ọkùnrin yìí ni ó ń gbé àga, tó ń pín omi, tó ń dá àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó rí omi lójú rẹ̀. Obìnrin náà jókòó tì í. Kò sọ pé ó tó, kò sọ pé kí ó fara dà á. Ó jẹ́ kí ó sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà sì sun tirẹ̀ níwọ̀nba, ojú rẹ̀ kò kúrò lára omi.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n jọ fa omi àtijọ́ jáde, wọ́n jọ pọn tuntun sí i. Bí omi tuntun náà ti ń wọlé, àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú omi, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wọlẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tó yẹ kí ẹja wà. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ bomi sójú, ó nù ún mọ́ apá aṣọ. Ó na ọwọ́ sí alùpùpù rẹ̀, ó tún dúró.

"Ẹ̀gbọ́n yín sọ fún mi nípa yàrá yẹn," ni ó wí láìwo ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ máa lọ?"

Obìnrin náà kò tíì ronú kan ìdáhùn náà. Ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀. "Ṣé ọwọ́ yín máa dilẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Bí àwọn tó kù yìí bá ń dàgbà bí mo ti rò, tánkì kan ò ní gbà wọ́n."

"Mítà mélòó?"

"Bí èyí náà ni."

Ó fi bàtà ha iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń di okùn mú fún mi lápá kejì, tí mo bá ń fa ìlà."

"Èmi ni n ó dì í mú," ni ó wí. "Ẹ kàn sọ bí mo ṣe máa fà á le tó."